Ẹ Fún Ilẹ̀kùn Ayétòrò Láyè ní Àkúrẹ́

Sí Kọmíṣánnà fún Àṣà àti Ìrìn-àjò Afẹ́,
Ìpínlẹ̀ Oǹdó,
Alágbàkà, Àkúrẹ́.

Kọmíṣánnà wa,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, ẹ kú ìlàkàkà. Ilẹ̀ ni mo wá tọrọ lọ́wọ́ yín. Kì í ṣe ilẹ̀ tí n ó fi kọ́lé, kì í sì í ṣe èyí tí n ó fi dáko. Àyè kan ni mo ń bèèrè nínú Ọgbà Ìjọba Àwaarawa tí wọ́n fi orúkọ M.K.O. Abíọ́lá pè ní Àkúrẹ́ níbí, àyè tó máa gba ilẹ̀kùn, fèrèsé, àga, ìkòkò àti pákó ilé àwọn ará Ayétòrò tí òkun ti lé kúrò nílé. A ó tò wọ́n kalẹ̀ sí gbangba, kí ẹni tó ń lọ sí Ọjà Ọba rí wọn, kí ẹni tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ ní Alágbàkà rí wọn, kí àwọn ọmọ iléèwé náà rí wọn. Kí wọ́n bèèrè pé, "Ilẹ̀kùn ilé ta nìyí? Ilé náà wá dà?"

Olùkọ́ iṣẹ́ ọnà ni mí. Ìlàjẹ, agbègbè etí òkun tí Ayétòrò wà, ni wọ́n ti bí ìyá mi. Nítorí nǹkan méjèèjì ni mo ṣe kọ̀wé yìí, mo sì kọ ọ́ síta gbangba torí pé ọ̀rọ̀ náà kọjá èmi àti ẹ̀yin nìkan.

Ẹ mọ Ayétòrò. Àmọ́ púpọ̀ nínú àwọn tó máa ka lẹ́tà yìí ni kò tíì dé Ìlàjẹ rí, ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ fún wọn. Ní 1947 ni àwọn onígbàgbọ́ kan, tí wọ́n ń fojú winá inúnibíni nítorí ẹ̀sìn wọn, tẹ ìlú náà dó sí etí òkun, lórí ilẹ̀ ẹrẹ̀ tí kò sẹ́ni tó rò pé ó lè gbé ilé ró. Wọ́n ri òpó mọ́lẹ̀, wọ́n kan pákó lé e, pákó náà ni wọ́n fi ṣe ojú títì. Àpò kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń ná. Ẹni tó pẹja, ẹni tó kan ọkọ̀ ojú omi, ẹni tó hun aṣọ, ẹni tó rán bàtà, inú àpò ìlú ni owó iṣẹ́ wọn ń wọ̀, inú àpò yẹn náà ni wọ́n ti ń jẹun, tí wọ́n ti ń ránmọ níléèwé. Iná mànàmáná ti ń tàn níbẹ̀ nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú nílẹ̀ Yorùbá ṣì ń tan àtùpà. Àwọn onímọ̀ ń ti òkè òkun wá wò wọ́n, wọ́n ń kọ nípa wọn. Ìlú Aláyọ̀ ni àwọn àlejò ń pè é.

Ìlú yẹn ni òkun ń jẹ. Àdúgbò kan ń tẹ̀ lé òmíràn wọ inú omi: ilé, iléèwé, ilé ìwòsàn. Ilẹ̀ ibẹ̀ rẹlẹ̀, ẹrẹ̀ ni, kò sí àpáta tó lè gba ìgbì dúró. Òkun fúnra rẹ̀ ń ga sí i káàkiri ayé. Àwọn ipa omi tí àwọn tó ń wa epo gbẹ́ ní agbègbè náà tún lànà fún omi iyọ̀ láti wọlé. Ní 2004, àjọ tó ń rí sí ìdàgbàsókè agbègbè Niger Delta, NDDC, gbé kọ́ńtáráàtì iṣẹ́ tó máa dáàbò bo etí òkun náà jáde. Ọdún ń gorí ọdún, ìgbì ń wọlé. Àwọn ará ìlú kọ̀wé títí, wọ́n rìn, wọ́n wọ́de, àwọn ọmọdé pàápàá gbé páálí. Àwọn oníròyìn á wá, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á lọ. Lọ́jọ́ kejì, ìròyìn mìíràn á bò ó mọ́lẹ̀.

Mọ̀lẹ́bí ìyá mi kan wà níbẹ̀, àgbàlagbà obìnrin, tí òkun ti lé kúrò nílé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ń kó, ilẹ̀kùn ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ yọ. Mo ti fọwọ́ kan ilẹ̀kùn náà. Pákó líle ni. Ọ̀dà búlúù ara rẹ̀ ti ń ṣí, ó wá ku èyí tó fara pamọ́ sábẹ́ irin tí wọ́n ń kọ́ àgádágodo sí. Iyọ̀ ti jẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ wúruwùru bí ìgbà tí eku bá jẹ etí búrẹ́dì. Ní ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n ń kàn mọ́ férémù, ihò ìṣó wà ní ọ̀wọ́ ọ̀wọ́, ọ̀wọ́ kan fún ilé kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó pẹ́ jù ti fẹ̀, ìpẹtà ti sọ wọ́n di dúdú. Nínú àwọn tó kẹ́yìn, igi ṣì funfun. Lójú rẹ̀ tó ń kọ sí yàrá, wọ́n fi ṣóńṣó ìṣó fa ìlà wẹ́wẹ́ sókè, láti fi wo bí àwọn ọmọ ṣe ń ga. Ìlà tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ti bá pákó tí iyọ̀ jẹ lọ. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọ́n ń ru nǹkan tó wúwo tó báyìí kiri. Wọ́n wò mí tìyanu-tìyanu. "Ṣé o mọ iye tí wọ́n ń ta pákó báyìí? Kí n wá gbé e sílẹ̀ fún òkun?"

Kọmíṣánnà wa, bí mo bá kọ ẹ̀sùn Ayétòrò sínú ìwé, kí n tẹ̀ ẹ́, kí n gbé e wá sí ọ́fíìsì yín, fáìlì ló máa wọ̀. Akọ̀wé á lu òǹtẹ̀ sí i pé wọ́n ti rí i gbà. Ẹ ó ka díẹ̀ níbẹ̀ bí àyè bá wà. Àmọ́ bí mo bá gbé ilẹ̀kùn yẹn síwájú yín, ọwọ́ yín á lọ sí ihò ìṣó yẹn fúnra rẹ̀. Ẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye ilé.

Ẹnì kan lè sọ fún yín pé àṣà òyìnbó ni kí èèyàn kó nǹkan jọ síta kó pè é níṣẹ́ ọnà. Ẹ má gbà á gbọ́. Olóko tó bá gé igi jọ sẹ́bàá ọ̀nà, ṣé yóò sùn tì í ni? Ààlè ni yóò so mọ́ ọn: àkísà pupa, ògbólógbòó bàtà, ìkarahun ìgbín, ṣùkù àgbàdo, igbálẹ̀ tó ti kú. Bí èèyàn bá mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, pàǹtí ni gbogbo wọn. Bí wọ́n bá ti wà lójú kan, ẹ̀rù á ba olè, torí wọ́n ń sọ fún un pé nǹkan yìí ní olówó, olówó rẹ̀ kò sì gbàgbé. Àrokò tí àwọn ọba àti ìjòyè fi ń ránṣẹ́ síra wọn ńkọ́, owó ẹyọ tí wọ́n sín pọ̀, ìyẹ́ tí wọ́n so mọ́ ọn? Ẹni tó gbà á mọ̀ bóyá ogun ni tàbí ìrẹ́pọ̀. Ní Ọ̀wọ̀, nínú ìpínlẹ̀ wa níbí, àwọn baba wa máa ń gbẹ́ àkó, ère tó ga tó èèyàn, tí ojú rẹ̀ jọ ti olóògbé. Aṣọ olóògbé ni wọ́n máa wọ̀ fún un, wọ́n á sì gbé e yí ìlú ká, kí tọmọdé tàgbà rí i pé ẹni báyìí gbé láàárín wọn. Àwọn èèyàn tó ń ka ààlè, tí wọ́n ń ka àrokò, tí wọ́n ń tẹ̀ lé àkó, kò sí bí ilẹ̀kùn tó dá dúró láìsí ilé ṣe lè ṣókùnkùn sí wọn.

Ọ̀nà yìí náà ni àwọn oníṣẹ́ ọnà ń gbà jà fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn káàkiri ayé lónìí. Ní oṣù karùn-ún 2008, ilẹ̀ mì ní Sichuan ní orílẹ̀-èdè Ṣáínà, iléèwé wó lu àwọn ọmọdé, ó lé ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún wọn tó kú. Àwọn òbí ń pariwo pé wọn kò fi ohun èlò tó dára kọ́ àwọn iléèwé náà. Ìjọba kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka òkú. Ai Weiwei, oníṣẹ́ ọnà ọmọ Ṣáínà, àti àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ àwọn ọmọ náà sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní 2009, ó kó báàgì iléèwé ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án (9,000), ó fi bo iwájú ilé ìṣàfihàn Haus der Kunst ní Munich, ní Jámánì. Àwọ̀ àwọn báàgì náà kọ gbólóhùn ìyá kan tó pàdánù ọmọ rẹ̀, pé ọdún méje lọmọ òun fi gbé ayé yìí pẹ̀lú ayọ̀. Ní 2011, ìjọba Ṣáínà gbé Ai Weiwei, wọ́n tì í mọ́lé fún ọjọ́ 81.

Ní Bogotá, olú ìlú Kòlóńbíà, àwọn ọlọ̀tẹ̀ gba ilé ẹjọ́ tó ga jù ní oṣù kọkànlá 1985. Àwọn ológun ya bò ó, nǹkan bí ọgọ́rùn-ún èèyàn ló kú, àwọn adájọ́ wà nínú wọn. Nígbà tó pé ọdún mẹ́tàdínlógún, Doris Salcedo, oníṣẹ́ ọnà ibẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í sọ àga onígi kalẹ̀ láti orí òrùlé sára ògiri ilé ẹjọ́ náà, ọ̀kan tẹ̀ lé ọ̀kan, fún wákàtí 53, títí wọ́n fi di 280. Àga tí ẹnikẹ́ni lè jókòó lé nínú ọ́fíìsì. Ní Kosovo, ní 2015, Alketa Xhafa-Mripa gba aṣọ lọ́wọ́ àwọn obìnrin, ó sá ẹgbẹ̀rún márùn-ún aṣọ sórí okùn ní pápá ìṣeré Pristina nítorí àwọn obìnrin tí wọ́n fipá bá lò pọ̀ nígbà ogun, tí wọn kò rí ẹni bá sọ ọ́ láti ọdún yìí wá.

Èyí tó sún mọ́ wa jù ni ti Ilé-Ifẹ̀, mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹrin 2014, wọ́n kó ọmọbìnrin 276 lọ ní iléèwé wọn ní Chibok. Àwọn kan bọ́, àwọn kan padà, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọdún mẹ́jọ, ó ṣì lé ní ọgọ́rùn-ún tí àwọn òbí wọn kò fojú kàn. Ní 2022, obìnrin oníṣẹ́ ọnà kan láti ilẹ̀ Faransé, Prune Nourry, wá sí Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ fi amọ̀ mọ orí 108, wọ́n wo orí àtijọ́ tí wọ́n hú jáde nílẹ̀ Ifẹ̀ mọ ọ́n. Àwọn òbí kan wá láti Chibok. Ẹ wo ọ̀nà jíjìn yẹn. Wọ́n mú fọ́tò ọmọ wọn dání wá sí ìlú tí orí amọ̀ àti orí idẹ ti gbajúmọ̀ láyé, kí àwọn ọmọ tó jẹ́ ẹgbẹ́ ọmọ wọn lè mọ ojú yẹn pẹ̀lú ọwọ́.

Ohun tó wọ̀ mí lára jù níbẹ̀ ni pé akẹ́kọ̀ọ́ kan, orí kan. Ẹni tó bá ti mọ amọ̀ rí mọ ohun tí ìyẹn ń béèrè. O kò lè yára mọ ètè èèyàn. Bí o bá mọ ìpéǹpéjú tán tí kò rí bẹ́ẹ̀, wàá fi omi rẹ́ ẹ, wàá tún un mọ. Irun dídì wà níbẹ̀, ìdì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Ní gbogbo àkókò yẹn, ọmọ tí o kò mọ̀ rí ló ń wò ọ́. Ní òpin ọdún náà, wọ́n tò wọ́n sínú ìṣàfihàn ní Èkó, orí 108 tí ojú gbogbo wọn kọ síbì kan, kò sì sí méjì tó jọra. Ọdún mẹ́jọ ni a fi ń pè wọ́n ní "àwọn ọmọ Chibok", bí ẹni pé ẹnì kan ṣoṣo ni gbogbo wọn. Iṣẹ́ yẹn pín wọn padà sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó dùn mí pé àlejò ló kọ́kọ́ gbé e kalẹ̀ kí àwa tó gbé e, ṣùgbọ́n inú mi dùn pé ọwọ́ àwọn ọmọ wa ló ṣe é.

Mo mọ̀ pé ẹ̀rù lè ba ọ́fíìsì yín. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ ní gbangba, torí òun ló ń pa irú ìbéèrè yìí sínú dúrọ́ọ̀ ìjọba. Sokari Douglas Camp, ọmọ Buguma ní Ìpínlẹ̀ Rivers, fi irin ṣe bọ́ọ̀sì kan ní 2006 ní ìrántí Ken Saro-Wiwa, òǹkọ̀wé tó jà fún ilẹ̀ Ogoni, àti àwọn ará Ogoni mẹ́jọ tí ìjọba ológun so kọ́ pẹ̀lú rẹ̀ ní ọjọ́ 10 oṣù kọkànlá 1995. Ó to dúrọ́ọ̀mù epo sórí rẹ̀, ó sì gbẹ́ ọ̀rọ̀ Saro-Wiwa sára rẹ̀, ọ̀rọ̀ tó fi fẹ̀sùn kan àwọn ilé iṣẹ́ epo. Bọ́ọ̀sì náà rìn káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò sẹ́ni tó dí i lọ́wọ́. Ní 2015, wọ́n fi ránṣẹ́ sílé kó lè dé ilẹ̀ Ogoni nígbà tí ogún ọdún bá pé. Ó dé èbúté ní Èkó, àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù gbẹ́sẹ̀ lé e. Ìjọba àwaarawa ló ń ṣàkóso nígbà yẹn, kì í ṣe ológun mọ́. Ní oṣù kìíní 2016, wọ́n mú oníṣẹ́ ọnà Jelili Atiku ní Ejigbo nílùú Èkó lẹ́yìn tó fi ara rẹ̀ ṣeré ọnà ní àdúgbò, wọ́n gbé e lọ sílé ẹjọ́. Wọ́n fagi lé ẹjọ́ náà nígbẹ̀yìn.

Èmi náà ti tọ́ díẹ̀ wò nínú rẹ̀. Nígbà kan tí omi ẹ̀rọ dá ní àdúgbò wa, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kó kẹ́ẹ̀gì òróró òfìfo, aláwọ̀ ìyeyè, wọ́n tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ẹnu gbogbo rẹ̀ kọ sí ibi tí ẹ̀rọ omi wà. Wọn kò kọ ọ̀rọ̀ kankan sára rẹ̀. Kò tíì di ìrọ̀lẹ́ tí òṣìṣẹ́ ìjọba kan fi dé pẹ̀lú ọkọ̀ akérò, ó ní a ń ba ojú ìlú jẹ́, wọ́n sì kó gbogbo rẹ̀ lọ. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi kẹ́ẹ̀gì ìyá òun sílẹ̀, torí òun ni wọ́n fi ń pọnmi nílé. Wọn kò dá a lóhùn.

Nítorí náà, bí ẹ bá gbà láti fún wa láyè, ẹ jọ̀wọ́ ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pé kò sí òṣìṣẹ́ tó máa wá kó o lọ, kò sì sí ẹni tó máa ní ká yọ ilẹ̀kùn kan kúrò nítorí ohun tí wọ́n kọ sí i lára. Bí ará Ayétòrò bá fi ẹfun kọ ọdún tí òkun gbé ilé rẹ̀, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀. Bí ó bá kọ orúkọ ilé iṣẹ́ tó gba kọ́ńtáráàtì tí kò ṣe é, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n gbé pátákó tí fọ́tò olóṣèlú wà lórí rẹ̀ síwájú rẹ̀, ẹgbẹ́ òṣèlú yòówù kó jẹ́. Ibi tí fọ́tò olóṣèlú bá wà, ojú rẹ̀ ni àwọn èèyàn máa ń wò, wọ́n á ti gbàgbé ohun tí wọ́n wá wò.

Ohun kan ló jẹ mí lógún ju ààbò yẹn lọ. Àwọn ará Ayétòrò ni ká kọ́kọ́ bi. Ká lọ sí ààfin Ogeloyinbo, ọba Ayétòrò, ká jókòó níwájú rẹ̀ àti àwọn àgbà, ká tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀. Bí wọ́n bá ní rárá, ó parí. Ilẹ̀kùn wọn ni. A ti rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí a bá fi ìyẹn sẹ́yìn. Lẹ́yìn tí àwọn apànìyàn ya wọ ṣọ́ọ̀ṣì St. Francis ní Ọ̀wọ̀ ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà 2022, tí wọ́n pa ó kéré tán ogójì olùjọsìn lọ́jọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì, ìjọba ìpínlẹ̀ kọ́ ọgbà ìrántí fún wọn. Ọkàn rere ni wọ́n fi ṣe é, mo gbà. Síbẹ̀ ibi tí wọ́n kọ́ ọ sí, nítòsí ààfin Ọlọ́wọ̀, di àríyànjiyàn láàárín ìlú, ohun tó yẹ kó pa àwọn èèyàn pọ̀ nínú ọ̀fọ̀ sì wá ń yà wọ́n. Àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ sọ ibi tí òkúta yóò wà kí ẹnikẹ́ni tó po sìmẹ́ńtì.

Àwa oníṣẹ́ ọnà náà ń jẹ̀bi irú rẹ̀, ìyẹn ni mo ṣe ń sọ ọ́. Ai Weiwei tí mo yìn lẹ́ẹ̀kan, ní 2016 ó dojú bolẹ̀ sí etí òkun ní erékùṣù Lesbos, wọ́n sì yà á ní fọ́tò bí wọ́n ṣe rí òkú ọmọ kékeré Síríà tí òkun gbé jáde ní ọdún tó ṣáájú. Mo kórìíra fọ́tò yẹn. Ọmọ náà kú. Oníṣẹ́ ọnà dìde, ó gbọn iyanrìn dànù. Báàgì iléèwé tó tò sí Munich kò ní ojú tirẹ̀ nínú, ìyá ọmọ ló sọ̀rọ̀, ìdí nìyẹn tó fi lágbára. Ní ti Ayétòrò, mi ò fẹ́ kí orúkọ tèmi tàbí ti oníṣẹ́ ọnà kankan ga ju orúkọ onílé lọ. Káàdì kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan tó: orúkọ onílé bí ó bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, àdúgbò rẹ̀, ọdún tí ó kó.

Ẹ ó bi mí pé, ṣé ilẹ̀kùn tí a gbé dúró ní Àkúrẹ́ ló máa dá òkun dúró ní Ìlàjẹ? Kò lè dá a dúró. Ògiri ló lè dá a dúró, owó àti ìfẹ́ inú ìjọba ló sì ń kọ́ ògiri. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n bi yín padà. Bí iṣẹ́ ọnà kò bá lágbára, kí ni kọ́sítọ́ọ̀mù ń fi bọ́ọ̀sì onírin ṣe? Kí ló dé tí wọ́n fi ti Ai Weiwei mọ́lé fún ọjọ́ 81? Ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù ni pé nǹkan tó wà níta kò ṣeé tì mọ́nú dúrọ́ọ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó bá ń kọjá níwájú ilẹ̀kùn yẹn láràárọ̀ kò ní lè sọ pé òun kò gbọ́. Aṣòfin tó wá láti Ìlàjẹ á ní láti dáhùn nígbà tí ọmọ rẹ̀ bá bi í nínú ọkọ̀. Ọ̀rọ̀ tó ti di ti "àwọn ará etí omi lọ́hùn-ún" á di ọ̀rọ̀ olú ìlú.

Ẹ̀tọ́ sì ni, kì í ṣe àánú. Abala 24 nínú Àdéhùn Áfíríkà lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn sọ pé gbogbo èèyàn ló lẹ́tọ̀ọ́ sí àyíká tó dára tó sì lè mú ìdàgbàsókè bá wọn. Nàìjíríà ti sọ àdéhùn yẹn di òfin ilẹ̀ yìí láti 1983. Ní oṣù kejìlá 2012, ilé ẹjọ́ ECOWAS dá ìjọba Nàìjíríà lẹ́bi lórí abala kan náà, nítorí bí ó ṣe jẹ́ kí àwọn ilé iṣẹ́ epo ba àyíká Niger Delta jẹ́. Ìlàjẹ wà nínú agbègbè tí epo ti ń jáde. Owó epo inú omi wọn ló sọ Ìpínlẹ̀ Oǹdó di ọ̀kan lára àwọn ìpínlẹ̀ tó ń gba ìpín owó epo. Mo fẹ́ kí wọ́n kọ abala 24 yẹn ní Yorùbá, ní lẹ́tà gàdàgbà, sórí pákó Ayétòrò kan ní ẹnu ọ̀nà ọgbà náà.

Ẹ ti náwó sórí ère ní oríta wa rí. Díẹ̀ nínú wọn dára. Ṣùgbọ́n ère akọni tó na ọwọ́ sókè kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹni tó ń kọjá. Ọgbà tí mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ń jẹ́ orúkọ ọkùnrin tí wọ́n dìbò fún ní June 12, 1993, tí wọn kò jẹ́ kó wọlé, tó sì kú sí àtìmọ́lé ní 1998. Kò sí ibi tó tún yẹ kí ẹni tí wọ́n gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ti rí àyè sọ̀rọ̀ ní ìlú yìí jù ibẹ̀ lọ.

Owó tó máa ná yín kò pọ̀. Láti Ayétòrò, ọkọ̀ ojú omi á kó ẹrù dé Igbókòdá. Láti Igbókòdá, tírélà kan tó, á gba Òkìtìpupa, á gba Ọrẹ̀ àti Oǹdó, á sì dé Àkúrẹ́. A nílò irin tí a ó fi gbé ilẹ̀kùn ró kí ìjì má bàa dà wọ́n lu ọmọdé, iná díẹ̀ fún alẹ́, àti ẹni tó ń ṣọ́ ibẹ̀. Àwọn káfíńtà Ayétòrò fúnra wọn ni kí ẹ gbà síṣẹ́, kí ẹ sì san owó iṣẹ́ wọn bó ṣe yẹ. Wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń kan nǹkan tó ń dúró níbi tí ilẹ̀ kò ti dúró. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà ní Yunifásítì Ẹ̀kọ́ Adéyẹmí ní Oǹdó lè bá wọn ṣe é, kí wọ́n jọ sùn ní Ayétòrò, kí wọ́n gbọ́ ìtàn ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan lẹ́nu onílé kí wọ́n tó gbé e. Nígbà tí àkókò bá tó, a ó dá ilẹ̀kùn padà fún ẹni tó ni ín. Àwọn kan ṣì ń lò ó. Mọ̀lẹ́bí ìyá mi ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé òun lè yá wa ní ti òun, àmọ́ kí a gbé òmíràn sí ẹnu ọ̀nà òun kó tó di alẹ́ ọjọ́ tí a bá gbé e lọ.

Kọmíṣánnà wa, mo ń retí èsì yín, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, ní gbangba bí mo ṣe kọ ọ́. Bí ẹ bá fẹ́ kọ́kọ́ fojú ara yín rí ibẹ̀ kí ẹ tó dáhùn, ẹ sọ ọjọ́ tó bá rọ̀ yín lọ́rùn. Èmi yóò dúró dè yín ní èbúté Igbókòdá. Òwúrọ̀ kùtùkùtù ló dára jù láti wọkọ̀, kí omi tó ru.

Èmi ni tiyín nínú iṣẹ́ ìlú,
Olùkọ́ iṣẹ́ ọnà kan ní Àkúrẹ́,
ọmọ obìnrin Ìlàjẹ.